Àṣà Rere Nínú Ẹgbẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà Tí Ó Ń Gbòòrò

Ìfáárà

Nígbà tí ènìyàn mẹ́fà bá ń ṣe iṣẹ́ ọnà pọ̀ ní abẹ́ òrùlé kan, òfin púpọ̀ kò pọn dandan fún wọn. Wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n mọ ẹni tí í tètè bínú, wọ́n mọ ẹni tí í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n sì mọ ẹni tí a lè fi owó sí lọ́wọ́ kí ó má dín. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá di ọgọ́ta, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ohun tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kà sí ìwà rere, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún wọn. Owó tí ó ń wọlé ti kọjá èyí tí a lè máa fi orí kó jọ. Orúkọ ẹgbẹ́ ti dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kò dé rí. Àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fọ́. Kì í ṣe àìríṣẹ́ ni ó ń fọ́ wọn. Iṣẹ́ ni ó pọ̀ ju àṣà tí ó yẹ kí ó gbé e ró lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá nílé àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Nàìjíríà, àti gbogbo àwùjọ tí ó ní onílù, oníjó, ahunṣọ, aláró, agbẹ́gilére, òṣèré tàbí ayàwòrán nínú. Ohun kan ṣoṣo ni ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ mú lọ: bí àwùjọ bá ti ń gbòòrò, àṣà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láìsọ gbọ́dọ̀ di àdéhùn tí a sọ jáde, tí a fẹnu kò sí, tí a sì kọ sílẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo

Ìlú Òṣogbo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n pè é ní Mbari. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ti ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá, wà lára wọn. Èdè Ìgbò ni orúkọ náà ti wá. Òun ni àwọn ará agbègbè Owerri fi ń pe ilé ọnà alámọ̀ tí wọ́n máa ń kọ́ láti fi bọlá fún òrìṣà. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, tí í ṣe olùkọ́ àti olórin, sọ ilé rẹ̀ ní Òṣogbo di irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sì fi etí Yorùbá gbọ́ ọ. Wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀, èyí ni pé bí ènìyàn bá rí i, yóò yọ̀. Báyìí ni orúkọ tí ó ti ilẹ̀ Ìgbò wá ṣe di ọmọ ilé ní ìlú Yorùbá, tí kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àlejò.

Kí àkókò yẹn tó tó, Ládípọ̀ ti mú ìlù Yorùbá wọ inú orin ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì takò ó. Ní ibùdó tuntun yìí, ó rí àyè gbìyànjú ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Eré rẹ̀ Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, wọ́n sì ṣe é ní Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọdún 1964. Láàárín ọdún 1962 sí 1964, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ lórí àwòrán yíyà tún wáyé níbẹ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, darí àwọn kan. Georgina Beier sì darí èyí tí ó wáyé ní ọdún 1964.

Kí a wo àwọn tí ó wọ inú ọgbà náà. Aṣírù Ọlátúndé jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọgbọ́n irin rẹ̀ ni ó lò láti máa lu àwòrán sára bàbà àti álúmíníọ̀mù. Adébísí Àkànjí jẹ́ bíríkìlà. Sìmẹ́ǹtì tí ó fi ń mọ ilé ni ó fi mọ ère. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń mójú tó iná fún eré Dúró Ládípọ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n fún àwòrán tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe. Táíwò Ọlániyì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Twins Seven-Seven, fi ijó wọlé, ó sì di ayàwòrán. Rufus Ògúndélé, Jacob Afọlábí àti Múráínà Oyèlámì wà lára àwọn tí ó ń bá Ládípọ̀ ṣeré orí ìtàgé. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a béèrè.

Ní igbó Ọ̀ṣun, iṣẹ́ mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Susanne Wenger, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ìlú ń tún àwọn ojúbọ tí ó ti ń wó kọ́. Agbẹ́gilére àti bíríkìlà ni àwọn tí ó bá a ṣe é, ìdílé Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹ̀sìn kò dí iṣẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé olúkúlùkù mọ ohun tí ó kó wọn jọ. Ìjọba sọ igbó náà di ibi àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò níbẹ̀ tó hẹ́kítà 75.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ náà dúró

Ohun mẹ́ta ni a lè rí kọ́ nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú ilé. Ẹni tí ó bá wọlé kò jókòó lásán. Ó rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án, ó sì rí ohun èlò tí yóò fi ṣe é. Àwùjọ tí ó ní ilẹ̀kùn ṣùgbọ́n tí kò ní iṣẹ́, ibi ìpàdé ni. Èyí tí ó ní iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ilẹ̀kùn, yóò kú pẹ̀lú àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Èkejì ni pé a kò fi dandan lé e pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jọ olùkọ́. Bí a bá gbé iṣẹ́ Twins Seven-Seven, ti Bùráímọ̀ àti ti Ọlátúndé ka iwájú, ojú yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kíákíá. Ọgbà kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ olúkúlùkù dá yàtọ̀. Ìṣọ̀kan ẹgbẹ́ kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa ṣe ohun kan náà. Ohun tí ó sọ ni pé kí a má ṣe fi ohun tí a ń ṣe ba tẹni kejì jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan nínú wọn padà kọ́ ẹlòmíràn. Múráínà Oyèlámì kọ́ni ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì dá ibùdó ọnà sílẹ̀ ní Ìràgbìjí, ìlú rẹ̀. Nike Òkúndayé, ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí, dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò bá kọ́ ẹlòmíràn, isà òkú ni yóò bá a lọ.

Ohun tí ìgbòòrò ń mú wá

Òkìkí kì í wá lásán. Bí àlejò ti ń wá sí Òṣogbo láti ra iṣẹ́ ọnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń ṣe é ń pọ̀ sí i. Àwọn kan rí ọ̀nà tiwọn. Àwọn mìíràn ń ṣe àfarawé ohun tí ó ti ń tà tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan báyìí kò mọ sí ìlú kan. Ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ahunṣọ òfì, láàárín àwọn aládìrẹ, láàárín àwọn onílù àti àwọn tí ń ṣe fíìmù. Ibi tí owó bá ti wọlé, ìbéèrè mẹ́rin kì í pẹ́ tẹ̀ lé e: ta ni ó ni iṣẹ́ yìí? Ta ni owó tọ́ sí? Ta ni ó lè bá ta wí? Ta ni yóò sì gba ipò bí olórí kò bá sí mọ́?

Nígbà tí ẹgbẹ́ kéré, olórí nìkan lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹgbẹ́ bá ti tóbi, ìdáhùn ẹnu olórí kò tó mọ́, bí olórí náà tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere. Ọmọ iṣẹ́ tí ó fi oṣù mẹ́ta hun aṣọ, tí ó wá gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ níwájú àlejò pé òun ni òun hun ún, lè má fọhùn ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n yóò jáde, yóò sì mú ẹni méjì lọ. Àwọn tí ó kù yóò kọ́ láti fi ọgbọ́n wọn pamọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà yóò ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí ó ń kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú rẹ̀. Àdánù yìí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò owó, ṣùgbọ́n òun ni ó burú jù.

Àwọn àgbà kan lè béèrè pé: "Ṣebí ọmọ ìyá ni wá? Kí ni a ń kọ àdéhùn sílẹ̀ fún?" Ìbéèrè rere ni, àṣà Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti dáhùn rẹ̀. Alájọ a máa sàmì sí káàdì fún gbogbo ẹni tí ó bá dá owó, ìbáà jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó dáwó kì í bínú pé a sàmì. Bí a kò bá sàmì gan-an ni ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀. Bákan náà ni àwọn tí ń ṣe àáró mọ oko ẹni tí ó kàn kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Àmì àti ètò kì í ṣe ẹ̀rí pé ìfẹ́ kò sí. Àwọn ni wọn kì í jẹ́ kí ìfẹ́ bàjẹ́.

Àdéhùn márùn-ún tí ẹgbẹ́ nílò

Àdéhùn kìíní: bí àlejò ṣe ń di ọmọ ilé. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí a yàn láti mú un mọ ilé: ọjọ́ ìpàdé, bí a ṣe ń kí àgbà, ibi tí ohun èlò ń gbé, ohun tí a kì í ṣe. Kí a ka àdéhùn ẹgbẹ́ sí i létí ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì béèrè ohun tí kò yé e. Tí ó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni, kí iye ọdún tí yóò lò, ohun tí yóò kọ́ àti ọjọ́ ìgbòmìnira rẹ̀ hàn gbangba sí òun àti àwọn òbí rẹ̀. Kò tọ́ kí ọ̀gá máa sún ọjọ́ ìgbòmìnira síwájú nítorí pé ọwọ́ ọmọ náà ti dán, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń mówó wọlé.

Ní abẹ́ àdéhùn yìí ni ààbò àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin wà. Kò yẹ kí àgbàlagbà kan dá wà pẹ̀lú ọmọdé nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní orúkọ ìdánrawò. Ipò nínú eré tàbí nínú ijó kò gbọ́dọ̀ di ohun tí a fi ń béèrè ara ènìyàn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, àti òfin ọdún 2015 tí ó tako ìwà ipá sí ènìyàn, kà irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Àdéhùn kejì: orúkọ. Kí a máa dárúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Bí aṣọ bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta, kí a dárúkọ mẹ́ta. Bí a bá ya fọ́nrán eré, kí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó lu ìlù àti ẹni tí ó jó hàn nínú rẹ̀. Bí a bá kọ́ ọgbọ́n kan lọ́dọ̀ ìlú tàbí ẹ̀yà mìíràn, kí a sọ ibi tí a ti kọ́ ọ. Mbari kò dín iyì Òṣogbo kù nítorí pé Ìgbò ni orúkọ náà. Ó fi hàn pé ìlú náà mọ bí a ṣe ń gba ohun rere. Èyí kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Port Harcourt gidigidi, nítorí pé àṣà wọn àti àṣà onílé ń pàdé lójoojúmọ́.

Òfin orílẹ̀-èdè wà lẹ́yìn àdéhùn yìí. Òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, tí a ṣe ní ọdún 2022, fún ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí a mọ iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ lórí ìwé, orin àti iṣẹ́ ọnà wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Àwọn ọmọ oníṣẹ́-ọnà náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ìdí èyí, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kí iṣẹ́ kan jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí oníbàárà ti dé.

Àdéhùn kẹta: owó. Kí a mú un bí àpẹẹrẹ pé a pe ẹgbẹ́ onílù kan sí òde, tí a sì fún wọn ní ₦400,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦60,000, oúnjẹ jẹ́ ₦20,000. Ó ku ₦320,000. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá yóò lọ sí àpò ẹgbẹ́ fún títún ìlù ṣe àti ìtọ́jú aláìsàn. Èyí jẹ́ ₦32,000. Ó ku ₦288,000. Wọ́n ti fẹnu kò pé olórí yóò gba ìpín méjì, onílù mẹ́sàn-án yóò gba ìpín kọ̀ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ méjì yóò sì gba ìlàjì ìpín kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpín méjìlá; ìpín kan sì jẹ́ ₦24,000. Olórí gba ₦48,000, onílù kọ̀ọ̀kan gba ₦24,000, ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ₦12,000.

Ẹgbẹ́ mìíràn lè pín tiwọn lọ́nà mìíràn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí a ti mọ bí a ó ṣe pín in kí a tó gbé ìlù kọ́ èjìká, kí ènìyàn méjì ó kéré tán ka owó náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì kà á sétí ìgbọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀ lé e. Owó tí ojú púpọ̀ bá rí kì í fa ẹ̀sùn. Bákan náà, kò yẹ kí ìlérí ìyìn rọ́pò owó ọmọ iṣẹ́. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 23, ka iyì iṣẹ́ àti òtítọ́ mọ́ àwọn ìlànà ìwà ọmọlúàbí orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀nà tí a gbà ń pín owó iṣẹ́ ni a fi ń mọ̀ bóyá a gbà wọ́n gbọ́.

Àdéhùn kẹrin: ìbáwí àti ìjà. Iṣẹ́ ọnà kò lè dára láìsí àríwísí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni kí a bá wí, kì í ṣe ẹni. "Aró kò tíì mú aṣọ yìí tó, jẹ́ kí á tún un rẹ" yàtọ̀ sí "Ìwọ kò lè mọ iṣẹ́ yìí láé." Èkíní fi ọ̀nà hàn, èkejì ti ilẹ̀kùn. Kí ọmọdé náà lè sọ ohun tí ó rí, nítorí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kíyè sí i pé owó ń dín tàbí pé a ń rẹ́ ẹnì kan jẹ, kí ó mọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó lè lọ bá, tí ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́ obìnrin, tí kò sì ní jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni.

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Bí kò bá yanjú, kí ìgbìmọ̀ kékeré tí a ti yàn tẹ́lẹ̀ gbọ́ tọ̀tún-tòsì láàárín ọjọ́ tí a dá. Kí ẹni tí ó jẹ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn dìde kúrò lórí ìjókòó. Lẹ́yìn ìdájọ́, kí a wá ọ̀nà ìlàjà, nítorí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ilé. Ìfipábánilòpọ̀, ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé, àti ìwà ipá tí ó fi ara ènìyàn gbọgbẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí orúkọ ẹgbẹ́ má bàa bàjẹ́, orúkọ náà gan-an ni ó ń bàjẹ́.

Àdéhùn karùn-ún: ipò. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló jẹ́ pé orúkọ olùdásílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́, àpò rẹ̀ ni owó ń gbé, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìmọ̀ wà. Bí ẹni náà bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ṣàìsàn. Dúró Ládípọ̀ kú ní ọdún 1978, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń retí iṣẹ́ púpọ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í mọ ọjọ́. Kí ẹgbẹ́ dá iye ọdún fún ipò olórí, akọ̀wé àti akápò. Kí ẹni tí ó wà ní ipò máa kọ́ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tí ó ṣáájú. Ní ọjọ́ ìfiléni-lọ́wọ́, kí ìwé owó, ohun èlò àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kọjá níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Olórí tí ó fipò sílẹ̀ kò di ẹni ìtìjú. Ó di àgbà tí a ń lọ bá fún ìmọ̀ràn.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ní ilẹ̀, ilé tàbí owó ní báńkì ní orúkọ ara rẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí ó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn alágbàtọ́, lábẹ́ òfin ọdún 2020. Abala 40 nínú òfin ìpìlẹ̀ sì ti fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti kó ara wọn jọ ní àlàáfíà kí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìtàn igbó Ọ̀ṣun kọ́ni ní nǹkan níhìn-ín: ohun tí ìfẹ́ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀, òfin ni ó bá wọn dè é mọ́lẹ̀ kí ẹni tí ń wá ilẹ̀ má bàa gbà á.

Ìparí

Ẹgbẹ́ tí ó bá ní àdéhùn márùn-ún yìí yóò ṣì rí ìjà, nítorí pé ahọ́n àti eyín ń jà. Ìyàtọ̀ tí yóò wà ni pé ìjà náà kò ní lé ọmọ iṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò ní kó owó lọ, kò sì ní fọ́ ilé. Ẹni tí ó bá wọlé lẹ́yìn 20 ọdún yóò bá ohun tí ó lè dì mú níbẹ̀, bí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí láyé mọ́. Ohun tí à ń pè ní àṣà rere kò ju èyí lọ: ìwà tí àwùjọ ń hù nígbà tí olórí kò sí nílé.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ta ni ó ń mú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ ilé? Kí ni a ń sọ fún un ní oṣù kìíní?

2. Ǹjẹ́ iṣẹ́ kan wà tí a ń fi hàn ní orúkọ ẹgbẹ́ tí a kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe é? Báwo ni a ṣe lè ṣe àtúnṣe?

3. Nígbà tí a gba owó kẹ́yìn, ènìyàn mélòó ni ó kà á? Ìgbà wo ni a kà á sétí ìgbọ́ gbogbo ẹgbẹ́?

4. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní ẹ̀sùn sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Ǹjẹ́ ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀?

5. Bí olórí kò bá lè wá fún oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ wo ni yóò dúró? Ta ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní iṣẹ́ náà?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ìpàdé tí ó ń bọ̀ tó dé, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn márùn-ún, tí ọmọ iṣẹ́ kan àti obìnrin méjì ó kéré tán yóò wà nínú wọn. Kí wọ́n kọ àdéhùn márààrún sí ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Kí a kà á sókè, kí a tún un ṣe, kí olúkúlùkù tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́.